Bí mo ṣe rí ilẹ̀ Daniel Freeman lórí máàpù àtijọ́ Nebraska

Ilẹ̀ ẹnì kan ni mo ń wá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1863 ni Daniel Freeman forúkọ sílẹ̀ fún 160 éékà nítòsí Beatrice, ní Nebraska, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ náà gan-an tí òfin Homestead, èyí tó fi ilẹ̀ ìjọba fún ẹni tó bá gbé orí rẹ̀ tó sì dáko níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i lórí máàpù tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba yà kó tó débẹ̀.

Township 4 àríwá, range 5 ìlà oòrùn, section 26 ni ìwé ilẹ̀ rẹ̀ pè é: township ni ilẹ̀ onígun mẹ́rin ńlá, nọ́ńbà range ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, section sì ni ìpín kékeré inú rẹ̀. Mo wá a nínú àkọsílẹ̀ General Land Office, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìwọ̀ oòrùn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń wá odò tí kò sí níbẹ̀! Ẹ tẹjú mọ́ lẹ́tà kékeré yẹn dáadáa, E fún ìlà oòrùn, W fún ìwọ̀ oòrùn.

Section mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú township kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì kan níbùú lóròó. Igun àríwá ìlà oòrùn ni 1 wà. Tí kíkà bá dé 6 ní ìwọ̀ oòrùn, á bọ́ sísàlẹ̀, á sì yí padà, bí àgbẹ̀ tó kọ ebè dé òpin oko. Báyìí ni mo ṣe dé 26: ìlà karùn-ún, ìkejì láti ọwọ́ ọ̀tún.

Mo tẹ máàpù náà sórí bébà, ínṣì 2 fún máìlì 1. Mo wá fi pẹ́ńsù ya ilẹ̀ Freeman, ogójì éékà lọ́nà mẹ́rin: mẹ́ta tò tẹ̀ lé ara wọn, ìkẹrin jókòó lé ti àárín. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé mi. Kò mú un ní igun mẹ́rin dọ́gba bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, odò Cub Creek ló tọ̀. Láàárín pápá koríko, etídò ni igi ìkọ́lé àti igi ìdáná wà.

Ìwé tí awọnlẹ̀ fọwọ́ kọ ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀wọ̀n irin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66 ni wọ́n ń fà nílẹ̀, 80 rẹ̀ ló pé máìlì. Tí ẹ bá rí 40.00 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ìdajì máìlì ni wọ́n dé yẹn, wọ́n á ri òpó síbẹ̀. Nílé, pẹ̀rẹ̀gún là ń gbìn sí ààlà. Níbi tí kò sí igi lọ́hùn-ún, kòtò ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ bí òkìtì. Ààlà nìkan ni wọ́n sì rìn. Ibi tí odò ti gé ààlà, wíwọ̀n ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Bó ṣe lọ́ láàárín, wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ ni.

Ó dùn mí bí bébà náà ṣe funfun tó, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbébẹ̀ rí. Ọdún 1854 ni àwọn Otoe àti Missouria, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, fọwọ́ sí àdéhùn tí ilẹ̀ náà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo kọ orúkọ wọn sí etí ẹ̀dà tèmi.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé máàpù náà lé àwòrán sátẹ́láìtì. Ojú títì ni mo fi tò ó, nítorí orí ààlà section ni wọ́n la púpọ̀ nínú wọn sí.