Bí mo ṣe sọ ìlà orí téèpù di désímà

Oníbàárà mi kan ní Adó-Èkìtì ní kí n bá òun kan orí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí n fi ìlà gbígbẹ́ pín ojú rẹ̀ sí ọ̀nà 7 tó dọ́gba. Ínṣì 48 nìyẹn. Fóònù ni mo fi ń ṣírò, désímà bíi 0.5 ló sì gbọ́, kò gbọ́ 3/8. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ gbogbo ìlà téèpù sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ní désímà.

Ẹ fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pín ti òkè ni. Ní ti 3/8, 3 kò tó pín, ẹ fi òdo kún un kó di 30. 8 wọ inú 30 lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku 6. Ó wọ inú 60 lẹ́ẹ̀meje, ó ku 4. Ó wọ inú 40 lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò ku nǹkan kan. 0.375 rèé. 1/16 gùn díẹ̀, 0.0625, àmọ́ òun náà parí.

Gbogbo ìlà ínṣì orí téèpù mi ló ń parí, torí méjì-méjì ni wọ́n ń pín in: 2, 4, 8, 16. 10 tí désímà dúró lé, 2 lọ́nà 5 ni, torí náà bó bá jẹ́ 2 àti 5 nìkan ni a sọ lọ́nà ara wọn tó fi di nọ́ńbà ìsàlẹ̀, yóò parí. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ti ṣeé fi 3 tàbí 7 pín láìku nǹkan kan, ó di àpínìpíntán, désímà rẹ̀ kò ní parí láé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gé e kúrú o: ínṣì 9 nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, 9/12, di 3/4, ìyẹn 0.75. Ínṣì 5 kò ṣeé gé: 0.41666, 6 náà ni yóò máa wá.

Ó wá kan orí bẹ́ẹ̀dì. 48 pín sí 7 jẹ́ 6, ó ku 6. Èyí tó ń kù ni kí ẹ máa wò: lẹ́yìn 6, ó ku 4, ó ku 5, 1, 3, 2, ó tún ku 6. Bó ṣe padà sórí 6 yẹn, ẹ gbé bírò sílẹ̀. 6.857142, lẹ́yìn náà 857142 títí ayé. Kò lè ju nọ́ńbà mẹ́fà lọ kó tó yí padà, torí bí ẹ bá fi 7 pín nǹkan, 1 sí 6 nìkan ló lè ṣẹ́kù.

Ọmọṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú lo 6 àti 7/8." Mo ní kó sọ ọ́ lọ́nà 7. Ó bá 48 àti 1/8. Pákó wa ò tó bẹ́ẹ̀.

Etí kan ṣoṣo ni mo ti ń wọn gbogbo ẹ̀: 6.857, 13.714, 20.571, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé 41.143. Mo mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ìlà 1/16 tó sún mọ́ ọn jù. 13.714 bọ́ sí 13 àti 11/16, 41.143 bọ́ sí 41 àti 1/8. Nígbà tí a gbẹ́ ẹ tán, kò sí àyè tó fi ju 1/16 ínṣì tóbi ju èkejì lọ.