Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyan ìrísí gìtá àkústíìkì fún ṣọ́ọ̀ṣì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra gìtá fún ìjọsìn máa ń jókòó nínú ilé ìtajà, wọ́n á gbá kọ́ọ̀dù G kan, ohùn á kún yàrá, wọ́n á sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Gìtá lè dùn gan-an lóun nìkan, kó má dùn rárá tó bá bọ́ sáàárín ìlù, béèsì, kíbọ́ọ̀dù àti ẹgbẹ́ akọrin. Kí o tó wo ìrísí kankan, kọ́kọ́ wo àwọn tí ẹ jọ ń kọrin.

Má ra gìtá oní-ìrísí dreadnought torí pé òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ilé iṣẹ́ gìtá Martin ló ṣe é jáde ní 1916 fún ilé ìtajà Ditson, orúkọ ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ikùn rẹ̀ tóbi, ìbàdí rẹ̀ kò fún, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ki. Bó bá jẹ́ ìwọ àtàwọn akọrin nìkan lẹ wà níbẹ̀, tí kò sí béèsì, èmi ò mọ èyí tó dára jù ú lọ. Àmọ́ níbi tí béèsì bá ti ń dún, tí ọwọ́ òsì oní-kíbọ́ọ̀dù náà kò sì sinmi, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á di ẹrù. Gbogbo yín á máa du àyè kan ṣoṣo, orin á dàrú mọ́ra, ìjọ ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin. Ẹni tó wà nídìí mixer, ẹ̀rọ tó ń po ohùn gbogbo yín pọ̀, á wá gé ohùn ìsàlẹ̀ gìtá rẹ dànù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí ẹ̀ lo ṣe ra gìtá ńlá.

Fún irú ẹgbẹ́ yẹn, OM tàbí 000, àwọn ìrísí tó kéré ju dreadnought lọ, ni kí o wò. Ìbàdí wọn fún, ohùn àárín wọn mọ́, wọn kì í bo akọrin mọ́lẹ̀. Bí o bá ń gbá gìtá lónìí tí o sì ń fi ìka já okùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́la, ìrísí Grand Auditorium tí ilé iṣẹ́ gìtá Taylor gbé jáde ní 1994 lè ṣe méjèèjì.

Ariwo spíkà tún wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń ká mi lára jù, torí ó ń já àdúrà sí méjì. Afẹ́fẹ́ inú ikùn gìtá ní ohùn tirẹ̀. Ti dreadnought wà ní nǹkan bí 100 Hz (ìgbọ̀n ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), nítòsí ohùn G tó wà ní fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kẹta okùn kẹfà, tó jẹ́ 98 Hz. Bí spíkà iwájú rẹ bá dá ohùn yẹn padà sínú ihò gìtá, ikùn á tún gbọ̀n, pickup (ohun kékeré tó ń gbé ohùn gìtá lọ sínú ẹ̀rọ) á tún gbé e, kò sì ní pẹ́ tó fi máa hu. Gìtá ńlá tí wọ́n ń pè ní jumbo, tó fẹ̀ tó bí ínǹṣì 17, máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà ìdíhò ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí orí pẹpẹ yín bá ń pariwo, ikùn kékeré ló rọrùn láti kápá.

Má wá torí èyí ra parlor, gìtá tí ikùn rẹ̀ kéré gan-an, fún gbọ̀ngàn ńlá tí kò sí ẹ̀rọ ohùn níbẹ̀ o. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò ní gbọ́ ọ.

Bí olórí akọrin yín bá fẹ́ràn kó máa gbé key orin sókè, tí o sì ń fi capo (ohun tí a fi ń di gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá kí ohùn lè ga) sí fret karùn-ún tàbí ìkeje, wá èyí tó ní cutaway, ìyẹn ibi tí wọ́n gé wọnú ní èjìká gìtá. Láìsí i, èjìká gìtá á máa dí ọwọ́ rẹ lọ́nà.

Ẹni tó ń fi wáyà so gìtá mọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ gbogbo tún gbọ́dọ̀ mọ èyí: pickup tó wà lábẹ́ egungun tí okùn jókòó lé kì í gbé ohùn igi jáde tó bí o ṣe ń gbọ́ ọ létí. Owó tí o fẹ́ ná sórí ikùn ńlá, ná an sórí pickup tó dára.

Kí o tó sanwó, fi okùn ìgbékọ́ kọ́ gìtá náà sọ́rùn, kí o dìde dúró, kí o sì ta orin mẹ́ta léraléra. Wò ó bóyá apá ọ̀tún rẹ ń ga kọjá orí ikùn gìtá. Bó bá ti ń ro ọ́ níbẹ̀, ààbọ̀ wákàtí ìyìn á fojú rẹ rí nǹkan.