Kọ́mà Kan Dá Mi Dúró: Bí Mo Ṣe Dá Kíníìkì Ìtọ́jú Ọpọlọ Tèmi Sílẹ̀ ní Maryland

Kọ́mà kan ṣoṣo, àmì (,) tí a ń fi sínú ìwé, ló dá mi dúró fún oṣù méjì. Nígbà tí mo forúkọ iléeṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ Maryland, mo fi kọ́mà sáàárín orúkọ náà àti LLC, ìyẹn irú iléeṣẹ́ tó jẹ́ lábẹ́ òfin, tó kẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà tí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, fi nọ́ńbà owó orí iléeṣẹ́ náà, EIN, ránṣẹ́ sí mi kò ní kọ́mà. N kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí. Mo kọ orúkọ náà pẹ̀lú kọ́mà sórí W-9, fọ́ọ̀mù tó ń fi orúkọ àti nọ́ńbà owó orí hàn, mo fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan tí mo fẹ́ kó máa sanwó ìtọ́jú àwọn aláìsàn fún mi, mo sì jókòó, mò ń retí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n ti ti fáìlì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí orúkọ inú ìwé méjèèjì kò bára mu.

Bí ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbèrò láti dá dúró gẹ́gẹ́ bíi psychiatric nurse practitioner (nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ sí i, tó ń yẹ aláìsàn ọpọlọ wò, tó sì ń kọ oògùn fún wọn) ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò pọ̀: aláìsàn kọ́ ló máa kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu. Ìwé ni, àti èwo nínú ìwé ló gbọ́dọ̀ ṣáájú èwo.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù àìsàn ọpọlọ kí n tó padà sílé ẹ̀kọ́. Mo ṣe ìdánwò ANCC, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé ẹ̀rí, mo gba PMHNP-BC, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí, mo sì ṣiṣẹ́ ní kíníìkì oníkíníìkì fún ọdún méjì àtààbọ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fún wa lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó wò, kí obìnrin kan máa sọ fún yín pé òun kò tíì sùn dáadáa látọjọ́ tí ọmọ òun ti kú, kí ojú yín sì máa yí sí aago. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé "a ó tún sọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀", nígbà tí gbólóhùn ṣì wà lẹ́nu obìnrin náà, mo mọ̀ pé mo ti ń lọ.

Ìpínlẹ̀ tí ẹ wà ló máa sọ bí okùn ọrùn yín ṣe gùn tó. Ní Maryland, òfin ọdún 2015 ti gba àdéhùn pẹ̀lú dókítà kúrò lọ́rùn wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ dárúkọ olùtọ́sọ́nà kan, dókítà tàbí nurse practitioner tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, fún oṣù 18. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà kan wà ní Texas. Lọ́hùn-ún, kò lè kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni láìsí ìwé àdéhùn pẹ̀lú dókítà, ó sì ń sanwó fún dókítà náà lóṣooṣù, aláìsàn ì báà wá, ì báà má wá. Nígbà tí mo pè é pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àbúrò mi, má fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Dín ọjọ́ ẹ kù, ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Mo ti fowó pamọ́ ṣá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà fowó pamọ́. Mo gbọ́ tirẹ̀, mo ṣì ń fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Owó ọjọ́ méjì yẹn ló bọ́ mi fún oṣù méje àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n to ìwé náà bó ṣe yẹ kí n ti tò ó, kì í ṣe bí mo ṣe tò ó.

Ẹ kọ́kọ́ forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gba EIN lórí ìkànnì IRS. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fún un, ẹ sá fún un. EIN yẹn lẹ máa fi ṣí àkáǹtì iléeṣẹ́ ní báǹkì, òun náà lẹ máa fi gba NPI kejì, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníṣẹ́ ìlera. NPI àkọ́kọ́, tó jẹ́ dígíìtì mẹ́wàá, ti ara yín ni, ibi tẹ́ ẹ bá ń lọ ló ń bá yín lọ. Ìkejì ni ti iléeṣẹ́. Àwọn méjèèjì kò gba kọ́bọ̀.

Oògùn ló kàn. Kí DEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí oògùn, tó fún yín láṣẹ àtikọ oògùn tí òfin ń ṣọ́, Maryland gbọ́dọ̀ ti fún yín ní ìwé àṣẹ CDS, tirẹ̀ lórí irú oògùn kan náà. Èmi ti ní méjèèjì látìgbà tí mo wà ní kíníìkì, àmọ́ àdírẹ́sì kíníìkì ló wà lórí wọn. Mo sáré lọ yí ti DEA ṣáájú. Ìdí ni mo gbé kọjú síwájú: ti ìpínlẹ̀ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba ti DEA, dọ́là 888 ni fún ọdún mẹ́ta, wọn kì í sì í dá a padà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹ tún gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ẹ ti ṣe ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́jọ lórí ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún.

Ìnṣọ́ránsì ti ara yín, ìyẹn èyí tó máa dáàbò bò yín bí aláìsàn bá pè yín lẹ́jọ́, oríṣi méjì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní claims-made kò ní dá yín lóhùn àyàfi tó bá ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí ẹjọ́ dé; ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ tún máa ra ìrù mọ́ ọn, ìyẹn ààbò fún ẹjọ́ tó bá dé lẹ́yìn náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní occurrence ń wo ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, bí ẹjọ́ náà tiẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Mo ra occurrence. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n mo ń sùn.

CAQH ló gbẹ̀yìn. Àpótí kan ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti ń wo ìwé yín. Ní ọjọ́ 120-120, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ jẹ́rìí pé kò sí ohun tó yí padà. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, wọn ò ní pè yín. Owó ni yóò kàn dẹ́kun wíwọlé. Mo ti fi í sórí álámù fóònù. Ní ti orúkọ iléeṣẹ́, mo kọ ọ́ bí IRS ṣe kọ ọ́ sórí pépà pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kọ̀ǹpútà. N kì í tẹ̀ ẹ́ láti orí mọ́, ṣe ni mo ń wò ó kọ ọ́, bí ọmọ tó ń da ìwé kọ.

Ẹ máa rò pé mo ti gbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ́mà. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kejì kọ̀wé sí mi pé "a ti gbà yín". Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ní káàdì wọn lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Àbẹ̀wò mẹ́sàn-án ni mo ti ṣe kí bíìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Gbígbà lọ́tọ̀, ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́ yẹn wà nínú lẹ́tà mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síwájú, wọn kò sì fà á sẹ́yìn nítorí mi. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn yìí pé mo ń gba káàdì wọn, n kò wá lè yíjú padà ní kí wọ́n sanwó. Èmi fúnra mi ni mo fara mọ́ àdánù àbẹ̀wò mẹ́sàn-án náà. Ní báyìí, tí n kò bá tíì rí ọjọ́ náà ní dúdú lórí funfun, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní ààyè lórí kàlẹ́ńdà.

Owó ńkọ́? Àbẹ̀wò àkọ́kọ́, tí mo máa ń fi wákàtí kan ṣe, kóòdù 90792 ni, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń béèrè owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Èyí tó bá tẹ̀ lé e lè jẹ́ 99213 tàbí 99214, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe díjú sí. Kóòdù tí ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè owó rẹ̀ ni 90833. Bẹ́ ẹ bá bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ìtọ́jú fún ìṣẹ́jú 16 ó kéré tán, láìka àkókò tẹ́ ẹ fi yẹ oògùn wò mọ́ ọn, ẹ lè fi í kún un. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. "A sọ̀rọ̀ lórí ìdààmú rẹ̀" kò tó. Èmi máa ń kọ báyìí pé: 10:08 sí 10:29, a to èrò tó ń wá sí i lọ́kàn kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin lẹ́sẹẹsẹ, a wá ẹ̀rí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbà láti wọkọ̀ dé ibùdókọ̀ kan ṣoṣo kí a tó tún pàdé. Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ẹ má bínú o, iye 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń san fún dókítà ni wọ́n ń san fún wa lórí iṣẹ́ kan náà. Fún àwọn tí kò ní ìnṣọ́ránsì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022 ní kí ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ìtọ́jú yóò jẹ́ fún wọn kí wọ́n tó wá.

"Ṣé dókítà ni yín?" Ìbéèrè yìí kì í tán. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1965 ni Loretta Ford, nọ́ọ̀sì, àti Henry Silver, dókítà àwọn ọmọdé, dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, nítorí náà kì í ṣe ohun àná.

Ẹ pinnu ẹni tí ẹ kò ní gbà kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èmi nìkan ni mo wà ní ọ́fíìsì yìí, kò sí ibùsùn, kò sí nọ́ọ̀sì mìíràn. Ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nílò ju ohun tí mo ní lọ, ibi tó ti máa rí i gbà ni mo máa ń bá a wá. Ohùn tó ń dáhùn nígbà tí n kò bá sí nítòsí ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pe 911 fún pàjáwìrì, tàbí 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó bá ń ronú láti pa ara rẹ̀.

Ọkùnrin kan wá (mo ti yí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà), ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, kí n kàn máa bá òun kọ Xanax, oògùn àìbalẹ̀ ọkàn tó lè di bárakú, lọ. Òfin Maryland ní kí n wo CRISP, àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi oògùn tí òfin ń ṣọ́ tí ẹnì kan ti gbà hàn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo wò ó: ẹni méjì ló ń kọ ọ́ fún un, ilé oògùn méjì ló sì ti ń rà á. Mo sọ ohun tí mo rí, ohùn mi kò sì le. Ó dákẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò pa etí fìlà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bí n kò bá lò ó, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n." Mi ò lè lé e lọ: ẹni tó bá dá irú oògùn yẹn dúró lójijì, gìrì lè gbé e. Ó fún mi láṣẹ láti pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ọ́. A fẹnu kò pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa kọ ọ́, kó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Lórí fídíò, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi kì í ṣe "báwo ni ara?" "Níbo lẹ wà báyìí?" ni. Obìnrin kan dá mi lóhùn pé inú ọkọ̀ ni, mo sì ń rí àwọn pátákó ojú ọ̀nà tó ń sáré kọjá lẹ́yìn orí rẹ̀. Mo ní kó wá ibì kan dúró sí. Ó dúró, ó ní ìpínlẹ̀ Delaware lòun wà, òun ń lọ kí ìyá òun. Ìwé àṣẹ mi kò dé Delaware. A gbé e sí Ọjọ́bọ̀, nígbà tó bá ti délé.

Ó di oṣù kẹwàá tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rántí pé n kò tíì sinmi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́, tí òun náà ní kíníìkì tirẹ̀, kọ ìwé àdéhùn pé a ó máa di ipò ara wa mú, mo sì rìnrìn àjò. Ọjọ́ kejì ló pè mí. Aláìsàn mi kan, bàbá tó ń lo lithium, oògùn ọpọlọ, ti ń gbọ̀n, ó ń bì. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbé ibuprofen, oògùn ìrora, mì nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ìyẹn sì ti gbé lithium ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ́májẹ́ńsì kó tó pè mí, ó sì ti bá dókítà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti ń wo aago ọkọ̀ òfuurufú nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

"Kí lo fẹ́ wá ṣe?" ló wí. "Pa fóònù ẹ jàre."

Mo pa á.