Ohun tí alátìlẹ́yìn Houston kò gbọdọ̀ ṣe lẹ́yìn ìjákulẹ̀ San Antonio

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Florida fi àmì 65 sí 63 na Houston nínú àṣekágbá básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní Alamodome tó wà ní San Antonio. Houston ti fi àmì 12 ṣíwájú ní abala kejì kí nǹkan tó dojú rú. Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí kò gbọdọ̀ ṣe nígbà tí ọkàn bá ṣì ń gbóná.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru Emanuel Sharp, agbábọ́ọ̀lù Houston. Nígbà tí àkókò ń tán lọ, ó fò sókè kó lè ju bọ́ọ̀lù, Walter Clayton Jr. ti Florida sáré dí i lójú, àyè jíjù kò sí mọ́. Ó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Bí òun ló bá sì kọ́kọ́ tún fọwọ́ kàn án, rẹfirí yóò fọn fèrè sí i, ló fi dúró tì í títí àkókò fi tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ ti yọ, kó wo abala kejì látòkè délẹ̀. Clayton tí kò rí àmì kankan gbà ní abala àkọ́kọ́ gba 11 ní abala kejì. Ìgbà méjì tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Houston kẹ́yìn, wọn kò rí i jù sójú àwọ̀n rárá. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan.

Ọmọ yìí kan náà ló ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta nígbà tó ku nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ méjì ṣáájú, tí Houston fi rí ọ̀nà na Duke ní 70 sí 67 lẹ́yìn tí Duke ti fi àmì 14 ṣíwájú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pariwo orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ rántí.

Ẹ má kọ èébú ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yìí lórí fóònù wọn, ìbáà jẹ́ owó tẹ́tẹ́ yín ló bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn máa sọ pé ègún wà lórí Houston. Lóòótọ́, wọn kò tíì gba ife yìí rí. Nínú àṣekágbá 1983, NC State fi 54 sí 52 nà wọ́n nígbà tí Lorenzo Charles mú bọ́ọ̀lù lókè tó sì rì í sínú àwọ̀n bí aago ṣe ń pé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Georgetown ti Patrick Ewing tún fi 84 sí 75 nà wọ́n. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tiwa, wà nínú méjèèjì. Òun ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní 1983, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n na ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò kúrò ní ìlú náà. Ó lọ sí Houston Rockets, ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ibẹ̀, nígbà tó sì di 1994, òun àti Ewing tún pàdé nínú àṣekágbá NBA, ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Eré méje ni wọ́n gbá, Olajuwon ló borí. Ó tún gba ife ní 1995. Ègún wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sì ní kí wọ́n lé Kelvin Sampson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Houston. Látìgbà tí Olajuwon wà níbẹ̀ ní 1984, Houston kò tún borí ẹyọ eré kan nínú ìdíje àpapọ̀ yìí títí di 2018, lábẹ́ Sampson. Ẹ tún wo Yunifásítì Virginia: ní 2018, yunifásítì UMBC nà wọ́n ní 74 sí 54, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìdíje ọkùnrin tí ẹgbẹ́ tí wọ́n fi sípò kìn-ín-ní yóò fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó wà nípò kẹrìndínlógún. Wọn kò lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Tony Bennett. Ní 2019, Virginia gba ife.

Ẹ má pa L.J. Cryer àti J'Wan Roberts tì pẹ̀lú. Àṣekágbá yẹn ni wọ́n fi parí eré yunifásítì wọn, ìdúpẹ́ wa ló tọ́ sí wọn. Ní ti Sharp, ó padà wọ aṣọ Houston fún sáà 2025 sí 2026. Bí ẹ bá rí i ní pápá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un kó tó ju bọ́ọ̀lù kankan.