Bí mo ṣe ń ka àwọ̀ ara kọ́ìnì fàdákà kí n tó fowó kalẹ̀

Kọ́ìnì fàdákà àkọ́kọ́ tó pàwọ̀dà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo bà á jẹ́. American Silver Eagle ọdún 1987 ni. Etí rẹ̀ dúdú bí aró, bí ojú ṣe ń wọ inú, ó di ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà ó pọ́n bí wúrà, àárín rẹ̀ sì ṣì funfun. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo rì í bọ omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀gbà fàdákà, mo ka ení, èjì, títí dé àrún, mo yọ ọ́. Ó funfun báláú, kò sì yàtọ̀ mọ́ sí ọ̀kẹ́ àìmọye irú rẹ̀ tó wà láyé. Mo fi àwòrán rẹ̀ hàn ẹni tó tà á fún mi. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, “Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́?”

Àwọ̀ yẹn gan-an ni àwa tó ń ra irú kọ́ìnì yìí ń wá. Nítorí náà, ẹ má fọ̀ ọ́. Omi yẹn kì í kó àwọ̀ nìkan lọ, ó ń họ díẹ̀ lára fàdákà náà pẹ̀lú. Tí ẹ bá ń ṣe é léraléra, dídán ojú rẹ̀ á kú.

Ohun tó ń fa àwọ̀ yìí kò ṣòro. Imí ọjọ́ díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú páálí tàbí nínú bébà ló ń bá fàdákà pàdé, awọ tínńrín kan á sì bo ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó kọ lára òkè awọ yẹn àti èyí tó wọnú rẹ̀ tó tún jáde á dàpọ̀, wọ́n á pa àwọ̀ kan, wọ́n á gbé òmíràn yọ. Ohun tí a máa ń rí náà nìyẹn tí epo bá tàn sójú omi òjò. Bí awọ náà bá ṣe nípọn tó ni àwọ̀ tí a ó rí.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ rèé, torí pé àwọ̀ wọ̀nyí ní ìtò, wọn kì í fo ara wọn. Ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ṣáájú, ó di wúrà, ó pọ́n rúsúrúsú, ó di ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, ó di aró, ó wá mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run. Tí awọ bá tún nípọn sí i, ìyeyè á padà wá lẹ́ẹ̀kejì, àwọ̀ òdòdó pupa á tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ni àwọ̀ ewé tó ó dé. Òkùnkùn ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Tí mo bá rí kọ́ìnì tí àwọ̀ ewé ti kángun sí funfun tààrà, tí ìyeyè àti àlùkò ò sí láàárín wọn, mo ti mọ̀ pé ẹnìkan ti dá ọgbọ́n sí i. Bákan náà ni aró tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún.

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá mú un ní etí, kí ìka má kan ojú rẹ̀, torí òógùn ọwọ́ máa ń fi òǹtẹ̀ sílẹ̀ tó ń hàn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Gílóòbù iná kan ṣoṣo ti tó láti fi wò ó. Ẹ rọra máa yí i. Lára kọ́ìnì tí wọn ò tíì ná, ìtànṣán kan á máa yípo bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Tí ìtànṣán yẹn bá ń gba abẹ́ àwọ̀ kọjá, ọkàn mi á balẹ̀. Tí àwọ̀ bá kàn jókòó lórí bí ẹrẹ̀ tó gbẹ, mo ti dá a padà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo lẹ́tà LIBERTY tó wà lókè. Lára èyí tó pàwọ̀dà fúnra rẹ̀, àwọ̀ sábà máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ létí lẹ́tà, bí omi ṣe ń yà fún òkúta. Èyí tí wọ́n fi nǹkan olómi ṣe, inú kọ̀rọ̀ lẹ́tà ló máa ń dì sí, ẹ ó tún rí ipa ibi tó ti ṣàn.

Asetóònù gidi (kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná) ò lè ṣe àwọ̀ tòótọ́ ní nǹkan kan. Epo, ọ̀dà àti ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tí rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní PVC ń fi sílẹ̀ nìkan ló ń kó lọ. Ẹ lò ó níta, kí iná jìnnà.

Silver Eagle tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ni mo fẹ́ràn jù, fífẹ̀ 40.6 mílímítà fún àwọ̀ láyè. Maple Leaf Kánádà, ti 1988, dára, àmọ́ ẹ má ka àbàwọ́n funfun bí wàrà tó máa ń yọ lára rẹ̀ mọ́ àwọ̀ o. Tí kọ́ìnì bá ti wà nínú àpótí NGC (ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò, tó ń fún un ní nọ́ńbà bó bá ṣe dára tó), ìràwọ̀ tó bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹwà rẹ̀ wù wọ́n. Èmi á ṣì béèrè fídíò níbi tí wọ́n ti ń yí i lábẹ́ iná, torí fóònù lè fi àwọ̀ kún àwòrán ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti ìpamọ́, àwọ̀ tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a dúró níbẹ̀: kápúsùlù líle tí kò ní PVC, ibi gbígbẹ. Ẹ má jẹ́ kí rọ́bà ìdìwé tàbí aṣọ irun àgùntàn sún mọ́ ọn. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kó gba àwọ̀, àpòòwé bébà àti sùúrù ni. Àwọn kan ní ìyẹn náà àfọwọ́ṣe ni. Lójú tèmi, kò burú bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti kó kọ́ìnì mẹ́ta sínú àpòòwé nínú dúrọ́ọ̀. Méjì ò yí padà rárá. Ẹ̀kẹta ni ti 1987 yẹn. Lóṣù tó kọjá mo rí ìlà ìyeyè kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí etí èékánná, lábẹ́ lẹ́tà Y. Mo dá a padà sínú àpòòwé, mo ti dúrọ́ọ̀.