Tí gíà kẹ̀kẹ́ eré yín ò bá wọlé dáadáa mọ́, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ eré tókúnbọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àwọn onítáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí háńdù wọn ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ra gíà tuntun, ẹ ka èyí ná. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí kẹ̀kẹ́ tó ṣì dáa tí wọ́n gbé jù sẹ́yìnkùlé kí òjò máa pa á torí pé gíà ẹ̀ ń fò.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Mò ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ kan, mo kan òkè, mo fẹ́ wọ gíà tó fúyẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀, mo tún fà á, ó dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó wọlé, ó tún fò padà, mo bá sọ̀ kalẹ̀ mo ń tì í. Ẹni tí mo gbé e fún lọ́jọ́ kejì ò tiẹ̀ gùn ún wò, ó kàn mú screwdriver ó yí ìdè méjì tó wà lẹ́yìn, ó ní gíà ti kú kí n lọ ra òmíì. Mo ra òmíì. Owó lọ, gíà ò sàn. Wáyà ló ti kú látìbẹ̀rẹ̀.

Ìdè méjì yẹn, èyí tí wọ́n kọ H àti L sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ààlà ni wọ́n ń ṣọ́. H ò ní jẹ́ kí ṣéènì kọjá àwo eléyín tó kéré jù kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, L ò ní jẹ́ kó kọjá èyí tó tóbi jù kó wọ inú sípóòkù. Tí ṣéènì bá wọ sípóòkù lórí eré, táyà ẹ̀yìn á há, ẹ̀yin náà ẹ máa balẹ̀. Tí ṣéènì yín ò bá ti ń já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan, ẹ fi ìdè yẹn sílẹ̀ jàre.

Ẹ fi okùn so kẹ̀kẹ́ kọ́ kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ̀ka máńgòrò tó lágbára ti tó, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ yí pẹ́dà, kẹ́ ẹ máa wọ gíà ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa wò ó. Wáyà ló ń fa ṣéènì gòkè lọ sí àwo ńlá, sípíríńgì ló ń dá a padà sí kékeré. Nítorí náà tó bá ń lọ́ra láti gòkè, wáyà ti dẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń gòkè dáadáa àmọ́ tí kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wáyà le jù, tàbí kó jẹ́ pé ó ń há nínú rọ́bà tó bò ó, sípíríńgì ò lágbára àtifa wáyà tó ti dípẹtà. Tiwa níbí, pẹ̀lú òjò àti erùpẹ̀ pupa, wáyà tó ń há nínú rọ́bà yẹn ni mo máa ń bá jù.

Ẹ tú ìdè tó di wáyà mú lẹ́yìn, ẹ fà á jáde. Rọ́bà kúkúrú tó ká bí ìkọ́ lẹ́yìn gíà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí torí ibẹ̀ lomi ń dúró sí. Mo fi àkísà funfun nu tèmi, àkísà yẹn pọ́n bí ẹni fi osùn pa á. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi epo tàn án, ẹ pààrọ̀ wáyà àti rọ́bà pa pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi rírà o. Wáyà gíà tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti búrékì lọ, mìlímítà 1.2 ni, ti búrékì tó 1.5 tàbí 1.6, ti ọ̀kadà ò tiẹ̀ bá a tan rárá. Tẹ́ ẹ bá gé rọ́bà búrékì, irin inú ẹ̀ lọ́ yípo bí sípíríńgì. Ti gíà oníkiliki, èyí tó máa ń dún kiliki tó bá bọ́ síbi tó yẹ, irin wíńníwínní ló nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti búrékì máa ń sún kì tẹ́ ẹ bá fa wáyà, kiliki ò sì ní bọ́ síbi tó yẹ. Ẹ má sì fi ti gíà sí búrékì láéláé, ó lè bẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ búrékì gidi.

Kẹ̀kẹ́ eré tó ti wà kí ilé iṣẹ́ Shimano tó gbé SIS, gíà oníkiliki wọn, jáde ní 1984, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni ò ní kiliki rárá, ẹ̀yin lẹ máa fetí gbọ́ ibi tí ṣéènì bá ti dákẹ́. Tí gíà irú ìyẹn bá ń dá yọ̀ padà fúnra ẹ̀, ìdè ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gíà ló tú, ẹ fọwọ́ fún un le díẹ̀, ó parí.

Tí wáyà tuntun ò bá tún gbọ́, ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ wo irin tó gbé gíà kọ́ mọ́ férémù. Inú kọ̀ǹténà ni wọ́n ti ń to àwọn kẹ̀kẹ́ tókúnbọ̀ lérí ara wọn wá, ó rọrùn kí irin yẹn tẹ̀ wọnú. Tó bá jẹ́ férémù irin, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè rọra tẹ̀ ẹ́ padà, ti àlùmíníọ̀mù máa ń kán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéènì ti jẹ, téèpù irin káfíńtà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ó kún ọjà Òkè-Ajé, torí ti télọ̀ máa ń fà. Ojú ṣéènì 24 tó so mọ́ra wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Tó bá ti fi 1/16 íńṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tó bá dé 1/8, àwọn àwo eléyín náà ti jẹ lọ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń di wáyà tuntun padà, ẹ jẹ́ kí ṣéènì wà lórí àwo tó kéré jù, ẹ fọwọ́ fa wáyà kó nà, ẹ di ìdè. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sídìí kókó tí wáyà gbà wọ ẹ̀yìn gíà, ẹ máa yí i sósì ní ìdajì ìdajì títí ṣéènì á fi máa gòkè láì pariwo, tó bá wá ń lọ́ra láti sọ̀, ẹ dá a padà sọ́tùn-ún díẹ̀. Wáyà tuntun á tún dẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gùn ún fọ́jọ́ mélòó kan, ẹ kàn fi ìdajì sí i.