Bí Mo Ṣe Mú Ológbò Wọ Ilé Tí Ajá Ti Wà

Dókítà tó ń tọ́jú mi nítorí àìsàn ìsoríkọ́ kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe jáwọ́ nínú mímú ajá mi, Tanímọ̀la, jáde láràárọ̀. Ajá kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn títí oòrùn yóò fi kan àtàrí: bí àkókò ìrìn bá ti tó, yóò máa jùrù, yóò sì máa fi imú ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kò lè gba ariwo rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi abo ológbò kan ta mí lọ́rẹ.

Mo kọ́kọ́ rí i pé àwọn méjèèjì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn dìgbòlugi. Lẹ́yìn náà ni mo fi ológbò sí yàrá tirẹ̀, pẹ̀lú omi, oúnjẹ, abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ tí mo da yanrìn sí kí ó lè máa yàgbẹ́ síbẹ̀, àti páálí tó lè sá sí. Aṣọ tí ọ̀kan bá sùn lé ni mo ń gbé fún èkejì, kí wọ́n lè ti mọ òórùn ara wọn kí ojú tó kan ojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ní sùúrù fún èyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣe kókó jù lójú mi, nítorí pé imú ni àwọn ẹranko wọ̀nyí fi ń dá ojúlùmọ̀ àti àjèjì mọ̀.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, okùn wà lọ́rùn Tanímọ̀la, mo sì ti palẹ̀ orí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ kí ológbò lè gòkè. Ìkookò tí ń gbé lágbo ni baba ńlá ajá, nígbà tí ológbò inú igbó tí tilé ti ṣẹ̀ wá máa ń dá ọdẹ ṣe. Nítorí náà, ajá a fẹ́ sáré pàdé ẹni tuntun, ológbò a sì kọ́kọ́ wo ibi tí yóò sá gbà. Bí ajá bá ń jùrù, inú rẹ̀ sábà máa ń dùn. Bí ológbò bá ń ju ìrù tirẹ̀ fìà fìà, ó ti ń bínú nìyẹn. Ìgbàkígbà tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, mo máa ń fa ajá sẹ́yìn, n ó sì fún un ní ẹran díẹ̀ bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́.

Nísinsìnyí, wọ́n jọ ń sùn ní pálọ̀. N kò fi wọ́n dípò oògùn tàbí dókítà o. Mo ti bá ọmọ aládùúgbò mi ṣàdéhùn pé lọ́jọ́ tí n kò bá lè dìde, òun ni yóò mú Tanímọ̀la jáde. Ológbò ní tirẹ̀ lè dúró tì mí títí di ìrọ̀lẹ́, bí omi àti oúnjẹ bá ṣáà ti wà nílẹ̀.